Iná Ẹsẹ̀ Àtẹ̀gùn

Gílóòbù tó jìnnà sí ilé jù lọ, lẹ́bàá géètì, ló mọ́lẹ̀ jù. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan tiransifọ́mà kékeré tó ń pín iná fún gbogbo wọn, ló ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyinná tó fẹ́ kú. Oníṣẹ́ iná náà gbọ́wọ́ lé ìbàdí, ó ń wò ó. Ọ̀nà jíjìn ló máa ń rẹ iná tó ń rìn nínú wáyà. Kì í rẹ̀ ẹ́ níbi tó ti gbéra.

Òun fúnra rẹ̀ ló to àwọn iná kéékèèké náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú ọgbà bàbá rẹ̀, lẹ́yìn tí Bàbá ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti fi gbèdéke lé e lórí fóònù.

“Bí àtẹ̀gùn yẹn ò bá mọ́lẹ̀ dáadáa títí di Sátidé, mò ń bọ̀ wá mú Bàbá lọ sílé mi.”

“Bàbá kì í ṣe ẹrù, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò lè fi ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ sílẹ̀.”

“Ṣé àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìwọ?”

“Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ ni?”

Bàbá jókòó ní fàráńdà, ó fi ọwọ́ òsì gbé ife tíì. Ọwọ́ yẹn ló fi ń ṣe ohun gbogbo, òun náà ló sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ iná kó tó fẹ̀yìn tì. Àga kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti kú.

“Ṣé o ti rí i?”

“Ojú ìsopọ̀ ló tú, Bàbá.”

Ó so ó padà, ó fi téèpù wé e, ó sì ṣẹ́ ẹnu téèpù náà po díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti kọ́ ọ, kí ẹni tí yóò tú u lọ́la má baà máa fi èékánná wá a kiri. Iná náà tàn yòò.

“O káre,” Bàbá wí. Ó mu tíì díẹ̀. “Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn, ṣé ó ní àtẹ̀gùn?”

“Ẹ má dá Ẹ̀gbọ́n lóhùn jàre. Ẹ ò lọ síbì kankan.”

Bàbá tẹjú mọ́ inú ife rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà padà wá lọ́jọ́ kejì, gbogbo iná ọgbà náà ló ṣú. Ó ṣí tiransifọ́mà. Nínú àwọn ìdè tí wọ́n ń so wáyà mọ́, èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù ni wáyà wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ibi tí òun fi í sí. “Àbí mo ti ń ṣarán ni?” ló bi ara rẹ̀, ó sì gbé e sípò. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, iná ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tún rẹ̀. Ó pààrọ̀ gílóòbù. Ó gbé tiransifọ́mà padà fún ẹni tó tà á.

“Ọ̀gá, ara tiransifọ́mà yìí le ju tèmi àti tiyín lọ,” ni ọlọ́jà náà wí. “Ẹ lọ bi ilé yín léèrè ẹni tó ń bá a jà.”

Ó fi ìbínú ra òmíràn. Bó bá ti ń lọ, iná á tàn. Bó bá dé, á ti ṣú. Àléébù kan kò jọ èkejì, gbogbo wọn sì mọ́ tónítóní, bí ìgbà tí ọ̀gá ń dán ọmọ iṣẹ́ wò. Ojú ìsopọ̀ nìkan ni kò tún tú wò: ó rí ẹnu téèpù tó ṣẹ́ po, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, ó sì fò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé.

“Oníṣẹ́ iná gbogbo àdúgbò! Iná tìrẹ ńkọ́?”

“Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ìṣẹ́jú wo? Díẹ̀ ló kù kí n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ níbí.”

Bàbá jáde. Ó ti dé fìlà. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dì í pa, fọ́tò ìyá tí ó fi aṣọ wé sì wà lórí rẹ̀.

“Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. O ti gbìyànjú.”

Ọmọ náà di ẹnu téèpù tó ṣẹ́ po mú, ó fà á síbi tí tirẹ̀ máa ń gbà tú. Kò tú. Ó fà á sí òdìkejì, ó sì ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ iná, kò wé téèpù gba apá òsì rí. Ó gbójú sókè. Bàbá ti fi ọwọ́ òsì gbé báàgì.

“Ṣé o ti rí i?” Bàbá bi í.

Ó pa téèpù náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

“Rárá, Bàbá. Ó kọ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ́wọ́, ibí yìí ṣókùnkùn.”

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń ba iná náà jẹ́, nítorí láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni ilé náà ti sú u, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tó ń forí-fọrùn ṣe kí Bàbá má baà lọ.