Fẹ́yìsayọ̀ Wá Di Ọmọ Nàìjíríà

Físà àlejò ni Fẹ́yìsayọ̀ fi wọ ìlú tí wọ́n bí i sí. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e kúrò ní Oǹdó lọ sí Austria, inú ìwé ìrìnnà ìyá ni wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìyá ti kú, ìwé ti sọnù. Austria ní àlejò ni, Nàìjíríà náà ní àlejò ni.

Ìyáàfin Bísọ́dún ló bá lórí àga ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà ní Àkúrẹ́. Obìnrin náà gba ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó dá a padà.

"Ìwé yìí sọ pé wọ́n bí ọ. Kò sọ pé tiwa ni ọ́."

"Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, mà."

"Ewúrẹ́ náà ń bímọ ní Oǹdó. Lọ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ olórí ẹbí rẹ. Kí ló tiẹ̀ ń lé ọ?"

Fẹ́yìsayọ̀ ní iṣẹ́ kan ni òun ti ń wá tipẹ́, iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ọmọ ìlú nìkan ni wọ́n sì ń gbà síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìwé yìí kò bá yanjú kí ọdún tó parí, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbà. Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

"Iṣẹ́ ìjọba!" Ojú Ìyáàfin Bísọ́dún rọ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sá lọ, ìwọ ń sá bọ̀. Ó dáa, tètè lọ sí Oǹdó."

Ní Oǹdó, Bàbá Akínlolú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, olórí ẹbí, ti kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀. Tísà ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Bí o bá kí i, á kọ́kọ́ tún gbólóhùn rẹ ṣe kó tó dá ọ lóhùn. Wọ́n gbé iyán fún Fẹ́yìsayọ̀, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń fọwọ́ jẹ ẹ́. Wọ́n ní imú bàbá rẹ̀ gan-an nìyẹn.

"Dìde, sọ ohun tí o bá wá fún ẹbí," Bàbá wí.

Fẹ́yìsayọ̀ dìde. Ìyá rẹ̀ kò fi Yorùbá dù ú, ohùn Òyìnbó ló kàn bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni mo fẹ́ kọ̀ sílẹ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Kọ sílẹ̀!" Bàbá Akínlolú ti na ìka sókè bí ẹni tó wà níwájú pátákó. "Re ni, dò kọ́! Kọ̀ sílẹ̀, ìyàwó ni wọ́n ń ṣe é fún."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé..."

"A mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ni. Tún un pè."

Ó wò wọ́n yíká. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Kọ sílẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà pé kò ní ṣìnà ilé mọ́ láé. Bàbá fọwọ́ sí lẹ́tà lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́tà náà ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà jáde, Ìyáàfin Bísọ́dún pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo ọmọ tó fi ìlú Òyìnbó sílẹ̀ wálé. Wọ́n bá a ya fọ́tò. Wọ́n dá orin orílẹ̀-èdè, apá kan ń kọ èyí tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà, apá kan ń kọ èyí tí wọ́n kọ́ nílé-ìwé. Ìyáàfin Bísọ́dún sunkún, kò sì tijú.

Fẹ́yìsayọ̀ fi ìwé náà mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì béèrè pé yàrá wo ni wọ́n ti ń gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà mọ́, nítorí Austria ní àwọn kò ní sọ òun di ọmọ ìlú, kí òun lè ríṣẹ́ olùkọ́ náà gbà lọ́hùn-ún, àfi bí Nàìjíríà bá kọ́kọ́ yọ orúkọ òun kúrò.