Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́fólúwa so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ òpó ilé wa tó wà lórí omi, ó gun àkàsọ̀ wọlé tòun ti fóònù rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó mi, Hánà, ló bá wá láti Ode Ugbo.

Ó ń ya àwòrán páálí oògùn Hánà. Fóònù ń fi wọ́n wé èyí tí dókítà kọ.

"Gbogbo rẹ̀ bára mu, Màmá. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ yín ò wálẹ̀. Màá fi èyí tó lágbára kún un. Ó lè gbé èèyàn ṣubú o, ẹ rọra."

Mo rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, wò mí. Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. N kò gbé hóró oògùn kan mì rí. Àdúrà ni! Mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó wọn tèmi. Ó dára bíi ti ọ̀dọ́.

Mo kọjú sí Hánà. "Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré."

Hánà ń wo oògùn tuntun náà.

"Ọmọ mi, má fi kún un. Ìdajì ni mò ń lò."

"Ìdajì kejì ńkọ́?"

"Mò ń lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ Bàbá yín láràárọ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n kú."

Nọ́ọ̀sì wo fóònù. "Èyí ò bèèrè ìyẹn."

Ó kọjú sí mi. "Bàbá, kí lorúkọ yín?"

Mo dárúkọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dúró níwájú ìtẹ́ ìdájọ́.

"Ọmọ mi," ni Hánà wí, "kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kì í gbé oògùn mì. Ẹ̀kọ nìkan ni wọn kì í kọ̀."