Àmín Tí A Ṣe Níwájú Pẹpẹ

Òtútù àárọ̀ yìí ti wọ̀ mí léegun.

Òkè Broughton ṣì wà níwájú, ẹsẹ̀ sì ti ń ro mí.

Bọ̀wálé, àfẹ́sọ́nà mi, ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gíláàsì dúdú ló wọ̀. Oòrùn wo ló ń ràn ní Manchester nínú February?

"Ìtẹ́, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan o. Ìwọ ńkọ́?"

"I'm fine jàre."

Pásítọ̀ ló kéde pé àwa méjèèjì máa sá marathon láti fi kówó jọ fún ìjọ. A jọ pariwo "Àmín!" ni.

Ta ló máa ní òun ò lè sáré, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan?

Ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá ṣubú pẹ́nrẹ́n, àṣírí tú nìyẹn.

Àfi gbì! Bọ̀wálé ló ṣubú.

Ó di orúnkún mú, ó ń ké. Gíláàsì ti fò lọ.

Mo ń tẹ 999 láti pe ambulance, ó gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Jọ̀ọ́, má pè wọ́n. Irọ́ ni mo pa fún ẹ nípa genotype mi. SS ni mí."

Mo wo ojú rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ ti yẹ́lò.

Láti kékeré ni mo ti ń rí irú ojú yẹn nínú dígí.