Òwú Pupa Tí Verlin Tú

Ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí kan ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Tí ẹ bá dúró ní àárín, ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn.

1.
Verlin Tackett ń gbé ní ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Kentucky. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ṣe, àwọn kékeré tí àwọn baba-ńlá wọn ń kì bọ àpò, tí wọ́n máa ń ṣẹ́ níbàdí bí ẹni ṣẹ́ ìrèké kí wọ́n tó fi ọta sínú ilé ọta. Ìkọ́ kan wà lókè rẹ̀ tó ń dì í mú tí wọ́n bá ti pa á dé. Ìkọ́ yẹn ni ẹ̀mí ìbọn náà.

Verlin mọ̀ wọ́n. Á yẹ̀ ẹ́ wò, á mì í létí, á sì sọ ìgbà tí wọ́n rọ ọ́. Àwọn tí kò mọ nǹkan á ka ọdún tí wọ́n kọ sí ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á ní ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún tí ìjọba fi ọwọ́ sí àrà náà fún ẹni tó dá a ni. Ìbọn fúnra rẹ̀ lè wáyé lẹ́yìn ìgbà náà dáadáa.

Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé irin àwọn tó pẹ́ jù rọ̀. Ẹ̀tù dúdú tó ń rú èéfín ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ọta òde òní máa wọ ihò wọn rẹ́gí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju tiwọn lọ. Nítorí náà ni Verlin ṣe ní òfin kan. Èyíkéyìí tí kò bá fọkàn tán, á so òwú pupa mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fà á. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: wò ó, má yìn ín. Inú agbọ̀n tí Nelda ìyàwó rẹ̀ ń kó òwú ìhunṣọ sí ló ti ń gé e. Kò sí ẹni tí kò mọ òwú yẹn nílùú.

2.
Ìbọn tí mò ń sọ, ti ìyá-ìyá Nelda ni. Inú àpò épúrọ̀n ni ìyá àgbà máa ń fi sí tó bá ń lọ fún wàrà màlúù láàárọ̀. Ìkọ́ rẹ̀ ti jẹ lẹ́nu, kò dé mọ́. Nelda ní kí ọkọ òun ṣáà bá òun ṣe é kó lè dé, kí òun lè fún Joleen ọmọ wọn, kó rí nǹkan ìyá-ńlá rẹ̀ dì mú. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yìn ín.

Verlin wò ó, ó mọ̀ pé ara àwọn tó pẹ́ jù ni. Ó fi irin kún ẹnu ìkọ́ náà, ó fi ayùn kékeré họ ọ́, ó sì dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó mì í létí, nǹkan ṣì ń dún níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbọ́ ọ. Mo ní ó gbọ́ ọ. Ó so òwú pupa mọ́ ọn.

3.
Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn pàdé ní pápá wọn. Tọkọtaya ló máa ń lọ, wọ́n á gbé ìkòkò ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo dání. Verlin mú ìbọn náà lọ láti fi yangàn. Royce Amburgey, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, gbà á, ó ṣẹ́ ẹ, ó pa á dé, ó rí òwú.

“Verlin, òwú yìí kì í ṣe ti ìbọn o, ọwọ́ ẹ lo so ó mọ́. Tí iṣẹ́ ẹ bá dá ẹ lójú, yìn ín ká rí i. Àbí ìyàwó ẹ ló ń bá ẹ hun ìbọn báyìí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí ìbá ti tán kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Verlin tú òwú náà, ó fi sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní kí Royce fún òun ní ọta. Ọta tuntun ni. Wọ́n wọ ihò rẹ́gí.

Nelda ń gbé kọfí Verlin bọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé a kì í dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń yìnbọn àtijọ́, torí ẹ̀gbẹ́ ni ohun tó bá máa jáde lára rẹ̀ ń gbà jáde. Verlin ló máa ń kọ́ àwọn tuntun nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rí Nelda tó ń bọ̀. Kò sọ pé kó sún sẹ́yìn, torí tó bá dúró sọ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀rù ń bà á.

“Verlin, òwú ẹ̀ dà?” Nelda ti dé apá ọ̀tún rẹ̀.

“Ó wà lápò mi. Ìwọ ṣáà máa wò ó.”

Ọta àkọ́kọ́ ba agolo tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní ìkejì, ìkọ́ yẹ̀, ìbọn ṣẹ́ sí i lọ́wọ́, ilé ọta sì fọ́ lápá ọ̀tún. Ife kọfí ló kọ́kọ́ jábọ́. Lẹ́yìn náà ni Nelda jókòó sórí koríko, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó rẹ̀.

4.
Àwọn dókítà yọ ojú Nelda kan, èyí tí irin náà bà. Ọwọ́ Verlin kàn bó díẹ̀ ni.

Royce gbé ìkòkò ọbẹ̀ kan wá, kò lè jókòó, ó lọ. Àwọn tó ní ìbọn lọ́dọ̀ Verlin wá ń kó o lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n ń sọ. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Nelda ń dáná, ó ń fọṣọ. Ó kàn sún àga rẹ̀ sí apá kejì tábìlì oúnjẹ, débi pé apá ibi tí ojú kò sí mọ́ ló kọ sí ọkọ rẹ̀. Verlin kò lè béèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Nelda rí òwú náà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì tó fọ̀. Ó fi ọwọ́ nà án, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ọkọ rẹ̀.

“Nelda, jọ̀ọ́, bú mi.”

“Jẹun. Ó ń tutù.”

Ó jẹun.

5.
Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tí kò mọ̀, a lè ní kò mọ̀. Verlin mọ̀. Ó gbọ́ ọ létí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, nítorí ẹ̀rín.

Ìwọ tó ń ka èyí, o ní òwú pupa tìrẹ. Bíréèkì ọkọ̀ tó o mọ̀ pé kò mú dáadáa. Gáàsì tó ń rùn nílé ìdáná tó o ní kò sí nǹkan. Má tú u nítorí pé wọ́n pè ọ́ ní ojo. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín máa padà sílé wọn lálẹ́, ojú wọn á pé. Kó o tó tú u, yíjú wo ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tó gbé kọfí rẹ dání.

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.