Ìṣẹ́jú-àáyá Mọ́kànlá

"Kà gíga!"

Nan Pinta ń pe orúkọ àwọn lẹ́tà àtijọ́ ìlú wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń ka ìwé àtijọ́ tí wọ́n kọ sára ewé ọ̀pẹ.

Bualai, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ lẹ́tà náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí ẹ̀rọ parí orúkọ ọ̀hún, kó sì pè é síta.

Ẹ̀rọ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá.

Bualai ń ka ìṣẹ́jú-àáyá náà. Bó bá ń rí báyìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí òun ń ṣe ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn.

"Àbí kọ̀ǹpútà ẹ tún ti sùn ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá."

Ó mú kí ẹ̀rọ ka ètò tó ń pe lẹ́tà náà sí i létí ní ìlà ìlà, ó sì bá àṣìṣe níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ ń lọ kó orúkọ gbogbo lẹ́tà ayé jọ lákọ̀tun. Ó tún un ṣe, kó máa kó wọn jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì fi wọ́n pamọ́.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kíá, ẹ̀rọ pe orúkọ náà.

"Ẹ pe òmíràn, Bàbá!"

Bàbá pe mẹ́wàá, Bualai tẹ mẹ́wàá.

Bàbá rẹ́rìn-ín wọlé. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Bualai, kí ló dé tó o fi aṣọ di ojú ẹ?"

"Dókítà ní kí àjọ̀dún omi ọdún yìí tó dé, n ò ní ríran mọ́. Mo ní kí n ti máa kọ́ bí mo ṣe máa fi etí ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá."

Bàbá jókòó tì í, ó gbé ewé náà lé itan, ó sì pe lẹ́tà tó kàn.