Èémí Ẹnì Kejì

Ìkà ni Ọ̀gá Bùràímọ̀, ó kàn ń pè é ní iṣẹ́ ni. Inú ìwé àwọn Faransé méjì tó jọ ń kọ ìtàn ọ̀daràn ló ti kọ́ ọ pé ẹ̀rù ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ló ń mú fíìmù dùn. Ló bá ti Mulikátù, òṣèré wa, mọ́nú ilé sinimá àtijọ́ kan l'Ájàṣẹ́ lálẹ́. Èmi àti ọ̀gá wà níta, mo ń fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀.

Mulikátù figbe ẹkún bọnu nínú ilé: "Ọ̀gá, ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ fi sẹ́yìn mi kó yéé mí sí mi lọ́rùn!"

Èémí ẹni méjì ni mò ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ. "Ọ̀gá, ta lẹ fi síbẹ̀?"

"Mi ò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀." Ojú rẹ̀ tàn. Ó ki kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn bọ àpò. "Má pa ẹ̀rọ yẹn o!"

Ẹkún Mulikátù dákẹ́. Èémí kejì ò dákẹ́. Ó ti dé ìdí ilẹ̀kùn.