Iṣẹ́ Tí Ayọ̀miídé Yóò Ṣe

Màmá Mabel ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí ní Yaba, nítorí náà kò sí ibi tó wọ̀ tí kì í fẹ́ tún ibẹ̀ tò. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún Ayọ̀miídé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta, ní ọsibítù kan ní Sùúrùlérè, òun ló wá jókòó tì í, torí Fúnmi, ìyá ọmọ náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí òmíràn ni, ilé ló wà. Àkàngbé, bàbá ọmọ, a máa yà wò wọ́n láràárọ̀ láti Pápá Àjàó kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Télọ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun Màmá Mabel títí dòní.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dókítà Láyíwọlá gbé kọ̀ǹpútà kan sábẹ́ apá wọlé. Ọmọkùnrin ọlọ́yàyà ni.

"Ẹ kú ìtọ́jú, Mà. Kọ̀ǹpútà yìí ló ń bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ. Ẹ mọ kòkòrò tó ń mú búrẹ́dì bu? Irú ẹ̀ kan wà tó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó bá ti pẹ́ lórí omi tí à ń fi rọ́bà fà sí i lọ́rùn. Kó tó wọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà yìí lè sọ ọmọ tó..."

"Dákẹ́!" Màmá Mabel ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ọmọ létí. "Dókítà, ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ nílé-ìwé nìyẹn, kó o máa fẹnu pe ibi sórí ọmọ ọlọ́mọ? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Mi ò jẹ! Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbí mọ́."

Dókítà wo Sístà Gertrude, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà. Sístà Gertrude wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹnu mi ló yọ̀. A ò ní sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ mọ́."

Ó fa Àkàngbé, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lọ́wọ́ jáde, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Mabel gbà pé ó ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ló kù lẹ́nu dókítà. Tó bá ti wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ tán láàárọ̀, á máa ti orí bẹ́ẹ̀dì kan bọ́ sí òmíràn, á gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí, á sì sọ iṣẹ́ tí ọmọ náà máa ṣe lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tó kan Ayọ̀miídé, ó ní, "Tísà lèyí." Àmín Màmá Mabel fẹ́rẹ̀ẹ́ jí gbogbo wọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni," ó wí fún Àkàngbé. "Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń sọ̀rọ̀."

Àkàngbé fara ti bẹ́ẹ̀dì. Ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀.

Motọ́lání, ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ni dókítà pè ní gómìnà. Kíá, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sún mọ́ tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ọrùn rẹ̀, Sístà Gertrude sì gbé oògùn kan kọ́ fún un tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé. Màmá Mabel na ọrùn.

"Ẹ wò ó, wọn ò tíì dìbò, wọ́n ti ń sìn ín! Sístà, kí ló wà nínú láílọ́ọ̀nù yẹn?"

"Oògùn tí ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn ni, Mà."

"Tiwa ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká nílò ẹ̀, Mà."

Màmá Mabel ní òun ti gbọ́. Ẹni tó bá ti Pápá Àjàó wá, kí ló fẹ́ rí gbà?

Nígbà tó ṣe, wọ́n yọ rọ́bà lọ́rùn Ayọ̀miídé. Lọ́jọ́ kejì, dókítà wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọmọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Télọ̀!"

Àmín há sí Màmá Mabel lọ́fun. Sístà Gertrude jó yípo. Àkàngbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Inú ẹ dùn, àbí?" ni Màmá Mabel wí. "O ti rí ẹni tí á máa bá ẹ fi òwú bọ abẹ́rẹ́."

"Inú mi dùn, Mà," Àkàngbé nu ojú. "Ó dùn kọjá sísọ."

Màmá Mabel kò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sílé, ó din àkàrà, ó gbé e ka iwájú dókítà.

"Dókítà, ṣé torí ibi tí bàbá ẹ̀ ń gbé ni? Yaba ni mo ti tọ́ ìyá ẹ̀! Jọ̀ọ́, sọ ọmọ yìí di gómìnà."

Abọ́ jábọ́ lọ́wọ́ Sístà Gertrude. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Kí ni kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ńbẹ̀? Ṣé ipò ńlá ò tọ́ sí ọmọ mi ni?"

Dókítà dọ̀bálẹ̀ fún un. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa ránṣọ."

"Ó kéré tán, dá a padà sí tísà."

"Tísà gan-an, mi ò fẹ́ ẹ fún un, Mà."

Kò tíì sẹ́ni tó fi irú ìwọ̀sí yẹn lọ Màmá Mabel láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ni. Ó gbé àkàrà rẹ̀. Ibi tó ti ń dì í padà ló ti gbọ́ tí dókítà ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ Motọ́lání pé, "Gómìnà ti di tísà o!" Gbogbo nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ìyá ọmọ sì rọ̀ mọ́ wọn, ó ń sunkún.

Màmá Mabel mi orí. Ayé mà burú o. Wọ́n yọ ọmọ ọlọ́mọ nípò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Kò dágbére fún dókítà. Nígbà tí wọ́n jáde ní géètì, tí Ayọ̀miídé ń jẹ àkàrà léjìká bàbá rẹ̀, ó ní òun máa fẹjọ́ ọmọkùnrin yẹn sun àwọn ọ̀gá rẹ̀. Àkàngbé dúró. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé géètì ti jìnnà díẹ̀.

"Mà, ẹ̀yin lẹ ní wọn ò gbọdọ̀ fẹnu sọ ọ́," ó wí, "wọn ò sì sọ ọ́: gómìnà ni wọ́n ń pe ọmọ tí kọ̀ǹpútà bá ní kòkòrò yẹn ń bọ̀ wá wọ̀ lẹ́jẹ̀, tísà lẹni tí wọ́n ṣì ń ṣọ́, télọ̀ lẹni tó ti bọ́."